Àfẹ́sọ́nà Tó Sọ Pé Texas Ni Yóò Borí

Lánàá, ọjọ́ Sátidé, ni ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ wa ní Bowie, ní Amẹ́ríkà níbí, tí a kò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti fi wọ́n joyè. Ẹni tí kò bá mọ ààfin náà, yàrá ìsàlẹ̀ ilé Baálẹ̀ Felix Mobáyọ̀ ni. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa síbẹ̀, wọ́n gbé àga ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, bí ẹ̀rọ náà bá sì ń ké, ẹjọ́ á dúró dè é. Ibẹ̀ ni àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní agbègbè Prince George's ti ń parí ìjà tí a kò fẹ́ kí adájọ́ ìjọba gbọ́. Àwa ìgbìmọ̀ jókòó: Ìyálóde Olúfọlákẹ́, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀tún Jeremiah, tó máa ń sùn bí ẹjọ́ bá gùn, àti èmi.

Olùpẹjọ́ ni Olúrótìmí, apòògùn kan ní Hillcrest Heights, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń ka Bíbélì fún ìjọ Áńgílíkà wọn láràárọ̀ ọjọ́ Sunday. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Bólúwatifẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Adébùnmí, àkọ́bí rẹ̀. Baálẹ̀ ní kó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ní ọmọ náà fi ẹnu pa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òun.

A wo ara wa lójú. Ìyálóde ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní nígbà tí òun dé Amẹ́ríkà, Washington kò ní ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kankan, eré tí wọ́n ti ń fi igi lu bọ́ọ̀lù. Baltimore ló wà nítòsí, Baltimore ni òun sì fi ọkàn fún. Nígbà tí Washington wá ní tiwọn, tí gbogbo aládùúgbò ń yí fìlà padà, òun ní ọkùnrin kì í kọ ìyàwó àárọ̀ ẹ̀ torí pé èyí tó wà ládùúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Baltimore fi jẹ ìyà, òun náà bá wọn jẹ ẹ́. Àfi ọdún yìí tí wọ́n dìde, tí wọ́n borí ju gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lápá tiwọn lọ, tí wọ́n sì wọ ìdíje àṣekágbá. Nínú ìdíje yìí, ìpele-ìpele ni àwọn ẹgbẹ́ tó mókè fi ń pàdé, wọ́n sì ń gbá eré mélòó kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣubú á gbalé lọ, ẹni tó bá kù gbẹ̀yìn ló ń gbé ife-ẹ̀yẹ. Texas, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọlé rárá, ni wọ́n kọ́kọ́ fi pàdé Baltimore.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ máa gbá a ni Olúrótìmí pe Bólúwatifẹ́ wá sílé fún ìgbà àkọ́kọ́. Felicia, ìyàwó rẹ̀, se ìrẹsì, ó din adìẹ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bàbá wá bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀.

“Mo ní, ‘Bólú, báwo lo ṣe rí i? Ibo la máa bá ìdíje yìí dé?’ Baálẹ̀, ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni, ó yẹ kó mọ ìdáhùn sí irú ìbéèrè yẹn.”

“Kí ló wá sọ?”

“Ó ní Texas máa nà wá. Ó ní wọ́n á nà wá léraléra títí a ó fi jáde, a ò ní í rí ẹyọ kan mú. Ó ní ẹgbẹ́ Houston máa fún àwọn ará Texas yìí ní wàhálà níwájú, ṣùgbọ́n wọ́n á kọjá, wọ́n á sì gbé ife.”

“Ṣé ó wá rí bẹ́ẹ̀?”

“Ó rí bẹ́ẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn.”

Olúrótìmí ní lọ́jọ́ tí Baltimore jáde, òun ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà òun mọ́, àti pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí wọ́n fi sí Sátidé tó tẹ̀lé Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ti di òfo. Síbẹ̀ òun kò yéé wo ìdíje náà. Òun ń gbàdúrà kí Texas ṣubú, kí ẹnu ọmọ yìí lè di ẹnu lásán. Texas bá Houston jìjàdù títí dé eré tó gbẹ̀yìn pátápátá, wọ́n sì kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ife. Ó ní lọ́jọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun.

“Ẹni tó lè fi ẹnu gbé gbogbo Baltimore ṣubú,” ló wí, “bó bá jókòó sí pálọ̀ mi lọ́jọ́ kan, tó wò mí, tó ní mi ò ní í pẹ́ láyé ńkọ́?”

Ọ̀tún Jeremiah, tí oorun ti dá lójú rẹ̀ pátápátá, rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ Bólúwatifẹ́.

Baálẹ̀ ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, kí ọmọ náà wá wí tẹnu ẹ̀. Bólúwatifẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ náà ga, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tí kò sùn dáadáa láti bí oṣù kan.

“Ẹ má bínú, sà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Bí mo bá ní òjò ń bọ̀, tí òjò sì dé, kò sẹ́ni tó ń wọ́ mi wá síwájú àgbà pé èmi ni mo rọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ń wo ìkùukùu náà ni mo ṣe wo Baltimore.”

Ìyálóde bi í báwo ni wọ́n ṣe ń wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bí ìkùukùu. Ó wá ń ṣàlàyé. Àwọn ọmọdé ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, wọn kò tíì dé irú ojú agbo bẹ́ẹ̀ rí. Apá ti ń ro àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni tí wọ́n sì ń gbẹ́kẹ̀ lé láti parí eré ti fara pa. Àwọn ti Texas ní tiwọn ń lu bọ́ọ̀lù bí ẹni ń lu ẹ̀gúsí. Ó sọ ọ́ títí Ọ̀tún fi tún fẹ́ máa tòògbé.

Ìyálóde dá a dúró. “Ṣé o mọ̀ pé bàbá ìyàwó ẹ ló ń bi ọ́ léèrè?”

“Mo mọ̀, mà. Ìdí tí mi ò fi lè parọ́ nìyẹn.”

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Déolú, ọ̀rẹ́ Olúrótìmí, tó wá bá wọn wo eré náà, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó ní pẹ̀lú ojú òun méjèèjì ni òun rí i tí ọmọ náà dìde nàró, tó na ọwọ́ ọ̀tún sí tẹlifíṣọ̀n, tó wá sọ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni ń gégùn-ún.

Felicia ní kí wọ́n gba òun láyè. “Ọwọ́ wo ló nà? Orí ìjókòó ló wà. Abọ́ ìrẹsì wà lórí itan ẹ̀, itan adìẹ wà lọ́wọ́ kan, ife omi wà lọ́wọ́ kejì.”

“Ó lè jẹ́ itan adìẹ yẹn ló nà,” Déolú wí.

“Ìwọ gan-an ṣáà ti sùn lọ nígbà yẹn.”

“Mo dijú ni. Mi ò sùn.”

Baálẹ̀ bi í bó ṣe wá fi ojú méjèèjì tó dì rí ọwọ́ tí ọmọ náà nà. Déolú ní ọ̀rọ̀ kò sí lórí ọwọ́ mọ́, orí ẹnu ló wà, àwọn àgbà sì ti ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Baálẹ̀ bi í pé kí ló wà lára fìlà Baltimore. Déolú ní ẹyẹ ni. Baálẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹnu ara wọn ló pa wọ́n, kí Déolú lọ jókòó.

Felicia kò tíì jókòó ní tiẹ̀. Ó ní bí ó bá ṣe ti ẹnu ni, kí ọkọ òun náà sọ ohun tó ń sọ ní pálọ̀ nígbà tí Texas ń na Baltimore lẹ́ẹ̀kejì. Olúrótìmí ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó rẹ̀ bá a sọ ọ́: ó ń pariwo pé àwọn ọmọ yìí ti pa òun, pé wọn kò ní í borí ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé.

Ọ̀tún ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu méjèèjì ló pawọ́ pọ̀.

Ibi tí a ń rẹ́rìn-ín dé nìyẹn tí Ìyálóde fi gbójú sókè. Ẹni tó ti gbẹ̀bí tó bíi tiwọn mọ ìgbà tí nǹkan ṣì kù nínú. Wọ́n rọra bi Olúrótìmí bóyá ohun tí ọmọ náà sọ lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Olúrótìmí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún.

“Nígbà tí eré parí,” ló wí, “mo sìn ín dé ìdí mọ́tò ẹ̀. Inú ti ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Mo bi í pé, ‘Ṣé inú ọmọ mi máa dùn lọ́dọ̀ ẹ?’ Ó ní òun ò mọ̀.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Baálẹ̀, ó mọ ti Texas. Ó mọ ti Houston. Ó mọ ẹni tó máa gbé ife nígbà tó ṣì ku nǹkan bí oṣù kan gbáko. Ti ọmọ mi nìkan ni kò mọ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Adébùnmí náà wà níbẹ̀; olùkọ́ ni ní Adelphi, Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n bí i sí, a sì rò pé kò gbọ́ ju ìdajì ẹjọ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí. Ó yíjú sí Bólúwatifẹ́, ó ń wò ó.

Ọmọkùnrin náà yíjú sí Olúrótìmí. “Òótọ́ ni, sà. Mo sọ ọ́. Ti Texas, eré tí wọ́n ti gbá sẹ́yìn lọ súà, ìyẹn ni mo wò. Bùnmí kan ṣoṣo ló wà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí tí mo lè fi ṣírò. Mi ò mọ bí ayé ṣe máa ṣe wá. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí èmi máa ṣe: bó bá dùn, bó bá korò, mi ò ní í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ ìyẹn fún bàbá ẹ lọ́jọ́ náà?” Baálẹ̀ bi í.

“Mo fẹ́ sọ ọ́, sà. Wọ́n ti wọlé. Wọ́n ti tilẹ̀kùn.”

Adébùnmí dìde. Yorùbá rẹ̀ kò yá, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. “Dádì, èmi náà ò mọ̀. Mo ṣáà fẹ́ ẹ.”

Baálẹ̀ ní kí àwa ìgbìmọ̀ forí korí. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tí wọ́n padà jókòó, wọ́n ní kí Olúrótìmí dìde.

“Rótìmí, bí ẹnu ọmọ yìí bá lágbára tó láti gbé Baltimore ṣubú, òmùgọ̀ ló ń lé irú ẹnu bẹ́ẹ̀ jáde. Ńṣe ló yẹ kó o máa bọ́ ọ, kó lè máa sọ rere sínú ilé ẹ. Bí kò bá sì lágbára, o ò ní ẹjọ́. Ibi yòówù ká gbà, ilẹ̀kùn ẹ á ṣí. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi í sí.”

Felicia kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bólúwatifẹ́ náà ti ń dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní kó dìde, pé ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí.

“Ìwọ náà jẹ̀bi. O sọ̀rọ̀ Texas ní gígùn, o sọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ ní kúkúrú. Ohun tó o máa ṣe nìyí. Gbogbo eré tí Baltimore bá gbá lọ́dún tó ń bọ̀, láti àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, pálọ̀ bàbá yìí lo ti máa wò ó. Fìlà ẹlẹ́yẹ á wà lórí ẹ. O ò gbọdọ̀ ṣírò, o ò gbọdọ̀ sọ tẹ́lẹ̀. Nígbàkígbà tí bàbá bá bi ọ́ pé báwo lo ṣe rí i, ìdáhùn kan ló wà lẹ́nu ẹ: ‘Á dáa, sà.’”

Ojú ọmọ náà fà ro. Ó bẹ̀bẹ̀ pé bí apá bá ń ro ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tí gbogbo ayé ń rí i, ṣé òun kò lè sọ ìyẹn nìkan. Baálẹ̀ ní rárá. Adébùnmí ní oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń gbá a, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, nígbà wo ni òun fẹ́ wá máa rí ọkọ òun. Ìyálóde ní àga pálọ̀ bàbá rẹ̀ gùn, ó gba ènìyàn mẹ́ta.

A rò pé ó parí. Olúrótìmí nawọ́ sókè. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ pẹjọ́ lórí ìdájọ́, ṣùgbọ́n àwọn eré ìmúrasílẹ̀ wà, oṣù kejì ọdún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, Baálẹ̀ kò sì dárúkọ wọn. Baálẹ̀ wo ìgbìmọ̀. Ọ̀tún ní kí wọ́n fi kún un. Wọ́n fi kún un.

Olúrótìmí wá yíjú sí ọmọ náà. Ó ti dé awò rẹ̀ padà. “Bólú,” ló wí, “ọdún tó ń bọ̀ yìí, báwo lo ṣe rí i?”

Gbogbo wa ń wo Bólúwatifẹ́. A rí i kedere tí ìṣirò ń sáré kọjá lójú ọmọ náà. Ó lanu. Ó pa á dé. Òógùn bọ́ níwájú orí rẹ̀. Adébùnmí tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Á dáa, sà,” ló wí.