Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Dígí

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti gbàdúrà pé kó tán. Ní 1988 ni. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́ wọn pé ojú ń rí àwòrán bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn dígí, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá débẹ̀, kò ní bá nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi tí mo kọ́ wọn ni kò kọ ọ́ síbì kankan.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láti lọ fara hàn fún bàbá Àjọkẹ́, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Igbá ni bàbá náà ń fín. Àjọkẹ́ ti kìlọ̀ fún mi: "Ẹ jẹ́ kí àyà yín kanlẹ̀ o. Bí Bàbá bá ti ní rárá, ó parí nìyẹn."

Inú oòrùn ni mo ti wọ pálọ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn lójú mi. Mo ti bọ́ awò ojú mi sápò kó má baà fọ́ bí mo bá dọ̀bálẹ̀. Mo rí Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n jókòó, wọ́n dé fìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ agbádá wà níwájú wọn, ó dojú kọ mí. Mo rò pé ẹlòmíràn tó wá tọrọ Àjọkẹ́ ni. Bí mo ṣe tẹ̀ sílẹ̀, òun náà tẹ̀ sílẹ̀. Mo wá kánjú kó má baà ṣáájú mi, mo fi àyà lulẹ̀ gbì. A jọ débẹ̀ ni.

Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìgò oyin tí mo mú wá sí Bàbá. Ọ̀gbẹ́ni náà na tirẹ̀. Mo bá ti tèmi síwájú. Ó dún kọ́. Ojú mi ṣì ń rí Bàbá, ṣùgbọ́n ohun tútù, pẹlẹbẹ, ni ọwọ́ mi bá. Dígí ìyá Àjọkẹ́ ni, èyí tí àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ wọn fi ń wo ara wọn. Ó ga bí ilẹ̀kùn, ó sì ti là láti òkè délẹ̀.

Ẹnìkan húkọ́ lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé ni Bàbá jókòó sí. Ìdí ni mo kọ sí wọn.

"Kí niṣẹ́ rẹ?"

Ǹ bá purọ́. "Mo ń kọ́ni ní físíìsì, sà."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀, sà. Àti dígí."

Ìró dígí ti mú Àjọkẹ́ àti ìyá rẹ̀ sáré wọlé. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ó dára o. Tíṣà dígí ló wá fọ́ dígí mi."

Àjọkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹni inú dígí ti fún un lọ́mọ," ni Bàbá wí. "Èmi ò tíì sọ̀rọ̀."

Mo tún dọ̀bálẹ̀, síhà tó yẹ lọ́tẹ̀ yìí, n kò sì dìde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ líle kan tó bà lé mi lẹ́yìn.

"Bí mo bá fín igbá tán, ojú mi á ní ó ti dán. Mi ò ní gbà á gbọ́ títí ìka mi á fi kọjá lórí ẹ̀. O ń gbọ̀n. Ẹni tó wá ṣeré kì í gbọ̀n báyìí. Dìde. O lè kó àwọn ẹbí rẹ wá."

Láti ìgbà náà, n kò kọ́ ọmọ kankan ní ẹ̀kọ́ dígí láìjẹ́ pé ó na ọwọ́ sẹ́yìn dígí kó wá àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ojú ní ẹ̀rí tirẹ̀, ọwọ́ náà ní tirẹ̀. Ẹ má fi ẹyọ kan dájọ́. Àjọkẹ́ a máa ròyìn ọjọ́ náà fún gbogbo àlejò wa, ó sì ń fi kún un lọ́dọọdún.

Ó ti di ọdún kẹta báyìí tí Àjọkẹ́ ti papò dà. Nígbà míràn, ojú mi ṣì máa ń rí i tó jókòó ti fèrèsé, tó ń bó ẹ̀pà. Mo mọ ohun tí ọwọ́ mi máa bá níbẹ̀, nítorí náà n kì í na ọwọ́. Mo kàn máa ń ní, "O kú ìjókòó o," màá sì fi ara mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.