Katakata Bámilóyè

Ẹ bá mi kí Adéníran Bámilóyè, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó fi Bàrígà ṣe ilé, afínjú tí ń wọ léèsì lọ da pàǹtí, arẹwà tí ń yẹ ojú ara rẹ̀ wò nínú gíláàsì mọ́tò olówó mọ́tò. Tí o bá kọjá lára rẹ̀ láìkí i, á bá ọ kí ara rẹ̀. Á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀dá Adéníran,” á tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Bámilóyè lorúkọ bàbá rẹ̀, àmọ́ ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, oyè kan kò tíì bá a nílé. Nígbà tó du igbákejì akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ṣoṣo tó bá a du ipò náà kú kí ọjọ́ ìbò tó pé. Òkú ló wọlé.

Lọ́dún yìí, àga alága ẹgbẹ́ onílé ṣófo, nítorí pé Àlàájì Àyúbà tó wà níbẹ̀ kó lọ sí Ìkòròdú. Kí wọ́n tó di ẹrù Àlàájì tán sínú ọkọ̀, Adéníran ti ń jẹ́ Alága. Ó ní àgbàlagbà tí kò nípò dà bí ilé ìyàgbẹ́ tí kò lórùlé. Ó ní òwe àwọn àgbà ni. A bi í pé àgbà wo, ó ní òun.

Ìbò tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ, àdúgbò etí ọ̀sà ní Bàrígà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ inú gọ́tà ńlá síta, òkìtì náà tún ya padà sínú gọ́tà, ó dí i pa. Tí òjò bá ti rọ̀, inú àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja ni omi ń gbà. Beatrice, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Wonder, ló jìyà rẹ̀ jù. Lọ́dún tó kọjá, ààrò amọ̀ rẹ̀ méjì yọ́ lójú rẹ̀, ẹja orí wọn sì bá omi padà sínú ọ̀sà. Ààrò kan ló kù tó fi ń bọ́ ọmọ, òjò tuntun sì ti ń ṣú. Ó dìde ní ìpàdé, ó ní ẹni tó bá bá àwọn kó ẹrẹ̀ yẹn ni àwọn máa dìbò fún, ìbáà jẹ́ wèrè. Adéníran gbọ́wọ́ sókè, ó ní òun gan-an lọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ó kúkú ní katakata nílé. Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀, katakata àgbẹ̀ tó dàgbà ju Adéníran lọ, tí adìyẹ ń yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Katakata kejì, èyí tí àwọn ará Èkó fi ń pe wàhálà, kò sì jìnnà sí i. Ó bẹ Godspower, jórinjórin kan ní Ìlàjẹ, pé kó jó apá pélódà mọ́ iwájú rẹ̀ kó lè máa bu ẹrẹ̀. Godspower ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó wá ku fáàfù. Ilẹ̀kùn ọ́ìlì ni fáàfù: tí èèyàn bá fa ọwọ́ rẹ̀, ọ́ìlì á ti apá náà lọ sókè; tí èèyàn bá fi í sílẹ̀, ilẹ̀kùn á tì, apá á dúró síbi tó wà. Godspower ní kí Ọ̀gá ṣáà sọ fún àwọn tó ń tà á pé ti pélódà ni. Adéníran ní ta ló ń kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú lọ́jà rírà.

Ní Ṣómólú, láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé, Sùrájù ń ta ìfun àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti òkè òkun wá. Gbogbo ẹni tó ń ná ọjà níbẹ̀ ló mọ̀ pé a kì í sọ ohun tí a fẹ́ fi ọjà ṣe. Bí ọlọ́jà bá gbọ́ pélódà, agbaṣẹ́ṣe ìjọba ló gbọ́ yẹn, iye ọjà á sì fò lọ sókè. Adéníran bọ́ agogo ọwọ́ rẹ̀ sápò kó lè jọ tálákà. Léèsì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Sùrájù béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi fáàfù ṣe. Adéníran ní nǹkan kékeré kan ni.

“Ọ̀gá mi, ṣé nǹkan tó ń yí ni, àbí nǹkan tó ń gbé ẹrù sókè?”

Adéníran ronú. Gbígbé ẹrù sókè ti ń rùn bíi pélódà.

“Tó ń yí ni. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ọmọ àbúrò mi fi ń po sìmẹ́ńtì. Òtòṣì ọmọ ni.”

Sùrájù gbé ọ̀kan jáde, ó ní ti nǹkan tó ń yí nìyẹn. Tí wọ́n bá ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọ́ìlì á ṣì máa ráyè gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ̀rọ náà lè rọra dúró. “Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbé ẹrù o. Kò ní dì í mú.”

“Ta ló fẹ́ gbé ẹrù?” ni Adéníran wí. Ó sanwó, ó sì fi ẹ̀rín sínú títí ó fi dé Palmgrove. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ bí òun ṣe rẹ́ ọlọ́jà Ṣómólú jẹ.

Godspower so fáàfù náà mọ́ ọn. Ó fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, kó gbé e sókè, kó fi í síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó lè wò ó bóyá á dúró. Adéníran ní kò sóhun tó jọ ọ́, ẹni tí yóò jẹ alága kì í fi epo ṣòfò lórí yẹ̀pẹ̀. Ó ní ojú gbogbo ayé ni àwọn á ti dán an wò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ayé pé sí Ìlàjẹ. Katakata yọ èéfín, ó wúkọ́, ó dé etí gọ́tà, ó na apá rẹ̀ sórí ẹrẹ̀. Ojú ọ̀run ti dúdú. Màmá Wonder ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tètè bu ti iwájú àtíbàbà òun. Adéníran ní ẹrẹ̀ kọ́ ló máa kọ́kọ́ gòkè. Ó kó léèsì funfun wọnú abọ́ pélódà, ó dúró, ó nawọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Godspower fa ọwọ́ fáàfù, apá náà sì gbé Alága lọ sókè títí orí rẹ̀ fi ga ju òrùlé lọ. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, irọ́ ò sí níbẹ̀, nítorí kò rọrùn láti gbé ọkùnrin yẹn.

Nígbà tó dé òpin òkè, Godspower kò jọ̀wọ́ fáàfù, páńpù sì ń ké. A ò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ Alága. Ó sọ fún Godspower pé kó fi nǹkan yẹn sílẹ̀, kó sì pa ẹ́ńjìnnì.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó bóyá á dúró.”

“Mo ní kó o pa á. Ṣé ìwọ ni wọ́n wá gbọ́ ni?”

Godspower pa á. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ni Adéníran wí, ó gbójú sókè síhà ọ̀sà, “ẹ wo ibi tí Ọlọ́run gbé mi dé.”

A wò ó. Ó ti dọ́gba pẹ̀lú òrùlé.

“Kò sí ọmọ aráyé tó lè fà mí wálẹ̀.”

Ó ti dé ojú fèrèsé.

“Bí mo ṣe wà lókè yìí, ẹni ìrẹ̀lẹ̀ ni mí. Ẹ bi àwọn ará ilé mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rẹlẹ̀ sí i.”

Kò sí ẹni tó jiyàn. Ojú rẹ̀ ti dọ́gba pẹ̀lú tèmi, ó sì ṣì ń wo ọ̀sà. Ìgbà tí ẹrẹ̀ tútù wọ inú bàtà rẹ̀ ló tó wo ilẹ̀. Abọ́ náà rọra jókòó sínú gọ́tà, ó fì, Alága sì jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Godspower sáré lọ tan ẹ́ńjìnnì, katakata wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì dáhùn mọ́.

“Sùrájù ti pa mí o,” ni Adéníran ké. “Fáàfù burúkú ló tà fún mi. Èmi tí mo sọ fún un pé…”

“Kí lẹ sọ fún un, Ọ̀gá?” ni Godspower bi í.

Adéníran ń fa bàtà rẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀. Màmá Wonder sún mọ́ etí gọ́tà. Kò rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

“Alága, ẹ dá a lóhùn. Kí lẹ sọ?”

“Mo ní ó ń po sìmẹ́ńtì.”

“Nítorí kí ni?”

“Kó lè dín owó ẹ̀ kù.”

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ dé Akoka. Ọ̀pọ̀ jókòó sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ti ra àǹkárá tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìwúyè Alága ní òun á fi rán aṣọ fún ìyàwó òun.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ojú Màmá Wonder kún fún omi, kì í sì í ṣe omi òjò nìkan. Ó di ìró rẹ̀ le, ó bọ́ sínú gọ́tà, ó ní kí Adéníran dìde, ibi tó jókòó sí gan-an ni omi gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn obìnrin kó báàfù ẹja jáde, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwa náà ká ṣòkòtò sókè, a tò mọ́ wọn. Ẹrẹ̀ tí pélódà kò bu, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Nígbà tó yá, a rí omi tó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà, ààrò Màmá Wonder sì wà lórí ìdúró.

Adéníran wà lórí ìlà pẹ̀lú wa, léèsì rẹ̀ ti di àwọ̀ gọ́tà. Wọ́n gbé báàfù ẹrẹ̀ kan fún un. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tí gbogbo wa gbọ́ sọ̀rọ̀.

“Màmá Wonder, ọ̀rọ̀ ìbò yẹn ńkọ́?”

Màmá Wonder kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Báàfù ọwọ́ yín ń lọ sílẹ̀, Bọ̀dá,” ló wí. “Ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ dì í mú.”