Ọ̀rá Omi Severino

Aago méjì ọ̀sán kù díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ní abúlé wa nítòsí Zamora, nílẹ̀ Sípéènì. Bí ará ibí bá ń múra sílẹ̀ de ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, "por si las moscas" ló máa wí, bí eṣinṣin bá lọ dé, kódà láàárín òtútù. Opó ni Benilde, ó ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtílì lórí iná. Severino aládùúgbò rẹ̀, tí ìyàwó tiẹ̀ náà ti kú, dúró lórí àga lẹ́nu ọ̀nà Benilde, ó ń so ọ̀rá tó kún fún omi rọ̀, èyí tí a fi ń lé eṣinṣin.

"Severino, ọ̀rá kẹta lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà mi ti fẹ́ di odò."

"Omi àná ti gbóná. Eṣinṣin kì í bẹ̀rù omi gbígbóná."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo ti ń ṣọ́ wọn láti ojú fèrèsé mi."

"Fèrèsé tó kọjú sí ilé ìdáná mi yẹn?"

"Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé náà, kì í ṣe èmi."

(Benilde dojú kọ ìkòkò kó má baà rí ẹ̀rín òun.)

"Òkú eṣinṣin ni ẹ́. O máa ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

"Èmi? Omi ni mo wá pààrọ̀."

"Lójoojúmọ́, ní aago méjì, bí ọbẹ̀ bá ṣe ń jinná."

"Ìgbà yẹn làwọn eṣinṣin máa ń dé. Àwọn náà mọ adùn ọwọ́ ẹ."

(Ó sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kò lọ. Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́.)

"Eṣinṣin wo ló bù ẹ́ jẹ lónìí? Ara ẹ ò balẹ̀."

"Fermín ọmọ mi pè láti Valladolid. Ó ní kí n wá máa bá àwọn gbé. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ọjọ́ Sátidé."

(Ṣíbí dúró nínú ìkòkò.)

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kó jẹ́ n rò ó wò. Àmọ́ mo ti di ẹrù díẹ̀, bí eṣinṣin bá lọ dé."

"Ilé wọn tutù dáadáa, mo gbọ́."

"Àjà kẹfà ni. Eṣinṣin kì í débẹ̀."

"O ò ní ríṣẹ́ ṣe nìyẹn."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, Benilde."

(Ó paná, ó gbé ìkòkò lọ sórí tábìlì. Severino fi ojú tẹ̀ lé e. Abọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ṣíbí méjì, ife wáìnì méjì.)

"Ta ló ń bọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń to abọ́ méjì bẹ́ẹ̀. Ṣebí o ń ṣọ́ ilé ìdáná mi, o ò rí abọ́?"

"Ìwọ ni mò ń wò."

(Benilde fi aṣọ nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.)

"Abọ́ kejì yẹn wá wà fún kí ni?"

"Bí eṣinṣin bá lọ dé."

"Eṣinṣin kì í fi ṣíbí jẹun."

"Fọwọ́ ẹ, kó o jókòó. Bá a bá jẹun tán, kó o pe Fermín kó dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà. Kó o sì já ọ̀rá yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, oṣù mẹ́ta ló ti fi ń lé eṣinṣin tí mò ń retí."