Ta Ni Ọ̀gá Lórí Òṣùpá?

Wọ́n gba awò òṣùpá lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nítorí ìdáhùn tí gbogbo Igbó-Ọrà mọ̀ pé ó tọ̀nà.

Bí mo bá dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò ní gbàgbé ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún tó kọjá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe ìdíje sáyẹ́ǹsì fáwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èrúwà. Wọ́n dìídì mú ọjọ́ náà ni, torí òun ni ènìyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá lọ́dún 1969, òun náà sì ni ẹ̀rọ kan gúnlẹ̀ sórí Máàsì lọ́dún méje lẹ́yìn ẹ̀. Ilé ìwé tó bá gba ipò kìíní ló máa gbé awò gígùn tí wọ́n fi ń wo òṣùpá lọ sílé. Ó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti ní kí káfíńtà kan tábìlì tá a máa gbé e lé.

Táyé àti Kẹ́hìndé, ìbejì inú kíláàsì mi, ni mo mú lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìtàn òṣùpá yìí kò fi wọ̀ wọ́n lórí, àfìgbà tí mo sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé: "Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, Táyé nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀lé e, Kẹ́hìndé." Kíá, ó wọlé. Mo yin ara mi. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè wá. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àga kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún ọmọ méjì. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọmọ mi ń dáhùn. Wọ́n gba ti Máàsì, ó wá ku ìbéèrè kan, àwa àti ilé ìwé kan láti Lánlátẹ̀ sì wà lọ́gbọọgba.

Olùbéèrè ní, "Àwọn méjì tó rìn lórí òṣùpá lọ́jọ́ náà, èwo ni ọ̀gá? Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni, àbí ẹni tó tẹ̀lé e?"

Táyé lanu. Kẹ́hìndé fi ìgúnpá gún un, ó gba máìkì. "Ẹni tó tẹ̀lé e ni, sà. Òun ló rán àbúrò ẹ̀ pé kó lọ wò ó bóyá ibẹ̀ dáa."

Àwọn òbí tó bá wa wá pàtẹ́wọ́. Olùbéèrè ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ni mo bá fò sórí pèpéle.

"Ẹ dúró ná, sà! Ẹ bi ìyá ìbejì èyíkéyìí nílùú wa!"

"Tíṣà, ṣé ẹ lọ yunifásítì?"

"Mo lọ dáadáa!"

Ó na máìkì sí mi. "Ta wá ni wọ́n kọ́ yín níbẹ̀ pé ó jẹ́ ọ̀gá?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ ka..."

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Àwọn ará Lánlátẹ̀ gbé awò lọ.

Nínú mọ́tò, Táyé fà mí láṣọ. "Tíṣà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ ọ́n. Kẹ́hìndé ló ní kí n dákẹ́, pé òun lẹ̀gbọ́n."

"Èmi kúkú ni," Kẹ́hìndé fèsì, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Mo ti kọ́gbọ́n: bí àpèjúwe bá tètè yé ọmọ, kí olùkọ́ bi í léèrè ohun tó yé e gan-an. Ṣọ́ọ̀kì ló wà lórí tábìlì tí káfíńtà kàn fún awò báyìí, bí mo bá sì ti rí i, ẹ̀rín á pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣètò ìdíje náà, ẹ dá mi lóhùn: ẹ mọ̀ pé Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, la ti wá, ta ló kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún wa? Bó bá sì jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ náà lẹ fẹ́ di ẹrù rù, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Àràárọ̀ ni mò ń bi í léèrè nínú dígí.