Òróró Efinrin àti Àmù Ìwúyè

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Olómitútù, tọmọdé tàgbà, Lámídì akéde ló ń kọjá. Kábíyèsí kí yín. Wọ́n ní ẹ̀fọn ti pọ̀ jù nílùú, ibà ò jẹ́ ká rímú mí. Ràbíàtù ìyàwó Lámídì pàápàá ti wà lórí ẹní láti ìjẹta, tó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ mẹ́ta. Nítorí náà ni ààfin ṣe pín òróró efinrin, ìgò kan fún ilé kan.

Àṣẹ kìíní: tanwíjí la ṣe òróró yìí fún, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi. Kí kálukú kán an sínú gbogbo omi tó dúró, ì báà ṣe ti agolo, ì báà ṣe ti táyà.

Àṣẹ kejì: ẹ yéé fi para! Ní Jímọ̀ tó kọjá, gbogbo mọ́ṣáláṣí ń ta sánsán, tanwíjí wà nílé, wọ́n ń sanra. Àwọn kan tilẹ̀ fi din ẹyin. Ẹni tí a bá tún gbóòórùn òróró yìí lára rẹ̀ yóò jókòó sẹ́bàá kòtò ọjà títí ẹ̀fọn yóò fi jẹun yó.

Àṣẹ kẹta: ilé tí a bá ti bá tanwíjí, kí baálé ibẹ̀ fọwọ́ ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aládùúgbò.

Àṣẹ kẹrin ni baba wọn. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan àmù ìwúyè tó wà lágbàlá ààfin! Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn án! Omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ Kábíyèsí lọ́jọ́ ìwúyè ló wà nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. A kì í dé e, a kì í dà á nù, a kì í wo inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn wolé-wolé débẹ̀, ńṣe ni wọ́n dijú, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí tanwíjí. Akéde tó bá sún mọ́ ọn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín àmù yìí àti yàrá tí Ràbíàtù dùbúlẹ̀ sí.

Láàárọ̀ yìí, Lámídì ò wo inú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó dijú bíi tàwọn wolé-wolé, ó sì da gbogbo òróró inú ìgò ilé rẹ̀ sí i. Ẹ̀rù bà á gan-an, àmọ́ ó dà á.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́ yìí. Èyí tí wọn ò rán an, òun ló fi kún un. Bó bá délé, yóò gbé agogo ààfin sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá fi jẹ akéde tuntun, kó wá gbé e. Kó má lù ú níbẹ̀ o. Ràbíàtù ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn ni.