Kámẹ́rà Tí Kò Fẹ́ Ká Kúnlẹ̀

Pálọ̀ kan ní Àjàó Estate. Ọ̀sán gangan. Oyinkán, ọmọ Poli, jókòó ti fèrèsé tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé, ó ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe ìdánwò ìparí sáà. Kámẹ́rà ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Tó bá fura, iná yẹ́lò. Tó bá tún fura, iná pupa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò á tì pa. Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Èjìgbò, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, wọlé láìròtẹ́lẹ̀.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Àgò onílé o!

OYINKÁN: (ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ) Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìrìn, mà.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ta lò ń kí?

OYINKÁN: Ẹ̀yin ni, mà.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Èmi? Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Fèrèsé lò ń kí.

OYINKÁN: Ẹ má bínú, mà. Mo ń ṣe ìdánwò ni.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ìdánwò? Nínú pálọ̀ Kọ́láolúwa àbúrò mi? Olùkọ́ dà?

OYINKÁN: Kò sí, mà. Kámẹ́rà ló ń ṣọ́ mi.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ta ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà?

OYINKÁN: Kò sẹ́nì kankan, mà.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Kò sẹ́nì kankan. Òun lo wá ń bẹ̀rù tó báyìí. Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ nígbà tó ò tíì léyín, o ò lè kúnlẹ̀ kí mi.

OYINKÁN: Tí mo bá kúnlẹ̀, kò ní rí ojú mi mọ́. Á ní mo lọ jí ìdáhùn wò.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Nílẹ̀? Ìdáhùn ló wà nílẹ̀ ilé yín?

OYINKÁN: Bó ṣe máa rò ó nìyẹn, mà.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Nílé wa l'Ékìtì, ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ là ń fura sí.

(Bàálù kan kọjá lókè òrùlé. Màmá Èjìgbò ò jókòó. Ó ń dúró de ìkíni rẹ̀. Oyinkán wo ìbéèrè. Ó wo Màmá. Ó kúnlẹ̀ kíá.)

OYINKÁN: (láti ìsàlẹ̀ tábìlì) Ẹ káàsán, mà!

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ẹ̀n-ẹ́n! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dádì rẹ ńkọ́?

OYINKÁN: Wọ́n wà, mà.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Mọ́mì rẹ ńkọ́?

OYINKÁN: Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí n dìde.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ṣé mo so ẹ́ mọ́lẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà n'Ísọlọ̀ ńkọ́?

(Iná yẹ́lò. Oyinkán fò dìde.)

OYINKÁN: Ẹ wò ó! Ó ní ẹni tó ń ṣèdánwò ti sá lọ!

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ẹni tó kúnlẹ̀ sábẹ́ imú ẹ̀? Ta ló ni ẹ̀rọ yìí gan-an?

OYINKÁN: Diamond ọ̀rẹ́ mi ló ni ín, mà. Kámẹ́rà fóònù mi ti fọ́.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Poli wá ní kí kálukú yín wá irú ẹ̀ wá?

OYINKÁN: Wọ́n ní kó lè rọrùn fún wa ni.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ó mà rọrùn o. Dátà ńkọ́?

OYINKÁN: Owó oúnjẹ àná ni mo fi rà á, mà.

(Àánú ṣe Màmá Èjìgbò. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.)

OYINKÁN: Ẹ má dé bí, mà! Kò gbọdọ̀ rí ojú ẹni méjì!

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni. (sí kámẹ́rà) Ẹ káàsán, sà. Ọmọ àbúrò mi ni. Kò jalè rí. Wọn ò jalè rí nílé wa.

(Iná pupa.)

OYINKÁN: Màmá!

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Kò tiẹ̀ dá mi lóhùn.

OYINKÁN: Kì í gbọ́ràn, mà. Ojú nìkan ló ní.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Adití tí ò lẹ́kọ̀ọ́.

OYINKÁN: Màmá Èjìgbò, tó bá tún ṣẹlẹ̀, ó máa tì pa. Ẹ̀yìn ọdún kan ni màá tó tún un ṣe, pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun. Mo bẹ̀ yín.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí! Kí ló dé tó ò tètè sọ?

(Ó lọ jókòó sídìí ilẹ̀kùn. Oyinkán ń tẹ ìdáhùn. Ìbéèrè kan. Òmíràn. Ìrètí díẹ̀. Màmá Èjìgbò dìde. Ó rọra yọ́ gba ẹ̀yìn wá. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.)

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Má bẹ̀rù. Kò lè rí ojú mi níbí. Àdúrà ráńpẹ́ ni.

OYINKÁN: Ẹ ṣé, mà. Ẹ máa gbà á lọ. Mo ń ṣe àmín.

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Pẹ̀lú ojú tó là kalẹ̀ yìí? Dijú.

OYINKÁN: Màmá...

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Ṣé o ò fẹ́ yege ni? Dijú jàre!

(Oyinkán wo kámẹ́rà. Ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ wúwo. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó dijú.)

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: Olúwa, ẹrù ìdánwò yìí, sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ọmọ yìí. Kíákíá, Olúwa! Má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀...

(Ẹ̀rọ náà dún: píìn. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Oyinkán lajú.)

OYINKÁN: Ó ti tì. Màmá, ó ti tì! Ó ní ìdánwò mi ti parí!

MÀMÁ ÈJÌGBÒ: (ó na ọwọ́ méjèèjì sókè) Ẹ ò rí Ọlọ́run! Mi ò tíì dé orúkọ Jésù. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ṣì jókòó ti tiwọn!