Bí Mo-ti-mọ̀ Ṣe Tún Bíréèkì Ṣe

Alápatà ní òun á ra alùpùpù Mo-ti-mọ̀, bí bíréèkì iwájú ò bá ṣáà ti gbọ̀n mọ́.

"Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lánàá, gbogbo ara mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe," alápatà wí. "Lọ tún un ṣe. Gùn ún wá sí ìsọ̀ mi lọ́la kí n rí i pé ó ń dúró. Tó bá dúró, owó ẹ ti délẹ̀."

Ọdún kan àbọ̀ ni Mo-ti-mọ̀ ti ń wá ẹni tó máa gba àgbà irin yẹn lọ́wọ́ òun. Alùpùpù tó dàgbà ju àkọ́bí ẹ̀ lọ. Kó tó yọ ní kọ̀rọ̀, gbogbo àdúgbò ti fọwọ́ di etí.

Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì tú díìsì, irin róbótó pẹlẹbẹ tí bíréèkì máa ń gbá mú lára wíìlì. Ojú ẹ̀ ti la poro bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n máa ń fá a kó tẹ́jú o, ṣùgbọ́n eléyìí ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ ra tuntun."

"Ṣé ìwọ lo ń tà á ni?"

"Èmi kọ́."

"Àbúrò ẹ ló ń tà á nìyẹn."

Ó já díìsì gbà, ó jáde. Mo-ti-mọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá ní kó má wọ inú iná, á ní ṣe lẹ fẹ́ dá nìkan yá a.

Ẹ wá wo ibi tó gbé e lọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń pọ́n ọ̀bẹ.

Irin ṣáà ni irin, àbí?

Ogójì ọdún ni bàbá yẹn ti fi ń pọ́n ọ̀bẹ, kò gun alùpùpù rí láyé ẹ̀. Ó yí díìsì síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, báwo lo ṣe fẹ́ kí n ṣe é?"

"Bàbá, bí ẹ ṣe máa ń ṣe iṣẹ́ yín ni kí ẹ ṣe é. Ṣé èmi ni n ó wá kọ́ yín níṣẹ́?"

"Mi ò kàn fẹ́ kí o padà wá bá mi jà ni."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó dán."

Bàbá gbé e lé òkúta. Ṣìì, ṣìì, ṣìì. Ó pọ́n etí ẹ̀ yípo, tọ̀tún tòsì, ó wá dán an wò lára irun apá ẹ̀. Irun lọ féú. Ó fi àkísà wé e, ó ní kó rọra dì í mú.

Kò ṣe Mo-ti-mọ̀ bíi pé kó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi àkísà wé bíréèkì.

Ó dé ilé, ó dè é fúnra ẹ̀. Díìsì gé e níka mẹ́ta kó tó dè é tán. Ó ní àmì pé irin gidi ni.

Lọ́jọ́ kejì, alápatà dúró níwájú ìsọ̀, ó ń retí. Mo-ti-mọ̀ tó yẹ kó rọra bọ̀, eré ló bá dé, gbírígbírígbírí, ó fẹ́ ṣe fáàrí. Ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó fún bíréèkì.

Bíréèkì kò rí nǹkan gbá mú. Etí díìsì ti tín-ín-rín bí ewé.

"Dúró níbí," alápatà wí.

"Mo ń dúró," Mo-ti-mọ̀ dá a lóhùn, bó ṣe ń kọjá lára ẹ̀ fìì.

Gbàgà!

Alùpùpù gun tábìlì ẹran, ó dojú dé, wíìlì iwájú ṣì ń yí. Odidi itan màlúù kan já lórí ìkọ́, ó bọ́ sára díìsì.

Fẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Ẹran, iṣan, eegun, ó là á sí méjì bí ẹni gé ọṣẹ.

Ẹ dì mí mú, ẹ̀rín fẹ́ gbé mi ṣánlẹ̀.

Mo-ti-mọ̀ yọ orí lábẹ́ ìfun. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i pé ó dúró?"

Alápatà ò wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa ojú eegun tó gé yẹn, ó tún un pa.

"Ta ló pọ́n irin yìí?"

"Bàbá kan ni. Alùpùpù wá ńkọ́?"

Alápatà ti ń kó gbogbo ọ̀bẹ ìsọ̀ ẹ̀ sínú àpò.

"Gbé ìyẹn kúrò lórí ẹran mi," ó ní. "Ilé bàbá yẹn ni kí o júwe."